Ènìyàn Laṣọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì rí ẹni tó bá a jiyàn. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ní agbo ilé tí òfì kì í ti í dákẹ́ láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ìlú ahunṣọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí aṣọ jẹ́ fún un. Ó ti rí òwú kí ó tó di fọ́nrán, ó ti rí fọ́nrán kí ó tó wọ inú òfì, ó sì ti rí ọ̀kọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ahunṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí èyí tí a rí hun kò sì ju ohun tí ènìyàn lè ká sápá lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ẹnì kan jí aṣọ, kì í ṣe aṣọ nìkan ni ọmọ Ìsẹ́yìn ń rí. Ọjọ́ ayé ẹlòmíràn ni ó ń rí tí wọ́n kó lọ.

Èyí ni mo fi ń dá ara mi láre fún ohun tí mo ṣe nígbà tí mo wà ní ọmọ nǹkan bí ọdún 9. Ọmọbìnrin kan wà tí ó ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ní agbo ilé kejì sí tiwa. Abúlé kan lọ́nà Ṣakí ni wọ́n ti mú un wá. A kì í pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń gbé la fi ń pè é. Ní ọjọ́ kan ni wọ́n bá ìró sányán kan nínú ẹrù rẹ̀. Wọ́n so aṣọ náà mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì mú un yí ọjà ká. Àwa ọmọdé tẹ̀ lé e, à ń pàtẹ́wọ́, à ń kọrin olè. Mo bá wọn pàtẹ́wọ́, mo bá wọn kọrin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo rántí jù lọ ni pé kò sọ̀rọ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́, kò sọ pé òun ni, kò sọ pé òun kọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́kàn mi pátápátá kí n tó ka eré-oníṣe Timberlake Wertenbaker tí ó ń jẹ́ Our Country's Good. Ní 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ilé eré Royal Court ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú ìtàn-àròsọ Thomas Keneally, The Playmaker, tí ó jáde ní 1987, ni ó ti fa ìtàn rẹ̀ yọ. Àwọn ìwé méjèèjì dá lé ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Òkúdù 1789, ní ibi tí a ń pè ní Sydney lónìí, àwọn arúfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó sọdá òkun ṣe eré George Farquhar, The Recruiting Officer, láti fi ṣàyẹ́sí ọjọ́ ìbí ọba. Àwọn olè, àwọn agbọ́nilówó gbà, àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ó jí ṣíbí ọ̀gá wọn, ni wọ́n wọ aṣọ ìjòyè tí wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí ọlọ́lá. Obìnrin kan nínú eré Wertenbaker, Liz Morden, ni ó dá mi dúró. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó lọ́wọ́ nínú olè oúnjẹ, okùn sì ń dúró de ọrùn rẹ̀. Síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Bí mo ti kà á dé ibẹ̀ ni mo pa ìwé náà dé, nítorí pé mo ti rí ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí.

Kí a tó yẹ eré náà wò bí lámèyítọ́, ó yẹ kí a mọ ìtàn tí ó gbé e ró. Láti 1788 títí di 1868, nǹkan bí 162,000 arúfin ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Ọsirélíà. Nǹkan bí 25,000 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Olè ni ẹ̀ṣẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ohun tí wọn sì ń jí jù lọ kò ju ohun tí ọwọ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ lè tó lọ: aṣọ, ìbọ̀sẹ̀, ṣíbí, ìwọ̀n wàràkàṣì díẹ̀. Esther Abrahams jí léèsì dúdú yáàdì 24 ní ìsọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1786. Ọdún 7 lókè òkun ni ìdájọ́ rẹ̀. Mary Wade kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 11 lọ nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ kaba, ìborùn aṣọ ọ̀gbọ̀ àti fìlà lára ọmọ ọdún 8 kan. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1789, ilé-ẹjọ́ Old Bailey dá a lẹ́bi ikú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà sí ìkósọdá òkun títí ayé. Ọkọ̀ Lady Juliana, tí ó kó obìnrin tí ó ju 220 lọ, ni ó gbé e dé Sydney ní oṣù Òkúdù 1790.

Ó tọ́ kí òǹkàwé béèrè ohun tí ó kan ará Òkè-Ògùn nínú ọ̀ràn yìí. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé díẹ̀ ló kù kí àwọn obìnrin wọ̀nyí di aládùúgbò wa. Nígbà tí Amẹ́ríkà bọ́ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ibi tí wọn yóò máa kó àwọn arúfin wọn dà sí mọ́. Ní 1782 wọ́n kó àwọn kan lọ ṣe ọmọ-ogun ní Cape Coast, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gáná lónìí; ikú àti àìgbọ́ràn ba ètò náà jẹ́. Ní 1785, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn gbé e yẹ̀wò bóyá kí wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ sí erékùṣù Lemain lórí odò Gáḿbíà, kí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Èrò náà kò bọ́ sí i, ni wọ́n bá kọjú sí Ọsirélíà.

Ìdáhùn kejì ni ó wúwo jù. Ní àkókò kan náà tí adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù ń fi ọdún 7 sọdá òkun bá ẹni tó jí aṣọ wí, àwọn ọkọ̀ òyìnbó ń já aṣọ sí etíkun wa, wọ́n ń fi í ra ènìyàn. Aṣọ wà lára ọjà tí àwọn oníṣòwò ẹrú fi ń ná ènìyàn jù lọ ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kódà ó ju ìbọn àti ọtí lọ. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lọ́hùn-ún, obìnrin gbé aṣọ, wọ́n sì gbé obìnrin sọdá òkun. Níhìn-ín, wọ́n gbé aṣọ sílẹ̀, wọ́n sì gbé obìnrin sọdá òkun. Lọ́hùn-ún, òfin ní aṣọ níye lórí ju ènìyàn lọ. Níhìn-ín, ọjà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a máa ń wí pé ènìyàn laṣọ wa, àwa náà sì wà nínú ọjà ọ̀hún. Àwa là ń tà.

N kò sọ èyí láti fi na ẹnikẹ́ni lẹ́gba. Ìsẹ́yìn, ìlú mi, ni ẹ̀rí wà. Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ 1821, ogun kó Òṣoogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa. Ọmọdékùnrin kan tí ó ń jẹ́ Àjàyí wà nínú àwọn tí wọ́n kó, àti ìyá rẹ̀ Àfàlá, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n kó wọn wá, Ìsẹ́yìn ni wọ́n sì ti pín wọn bí a ti í pín ẹran. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, Àjàyí àti àbúrò rẹ̀ kejì bọ́ sọ́wọ́ olórí ogun. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ ọ̀dàn wa yóò mọ ìdí rẹ̀. Agbára Ọ̀yọ́ wà lórí ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ẹṣin kì í pẹ́ láyé ní agbègbè tí ìrù bá pọ̀ sí. Láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà á, ènìyàn ni wọ́n sì máa ń fi san owó rẹ̀. Nígbà tí ó yá, tábà àti ọtí ni wọ́n tún fi ra ọmọ kan náà.

Mo mọ obìnrin kan tí ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà pọ̀ mọ́ ti Àjàyí. Mary Reibey ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ ọmọ òrukàn. Ní 1791, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, ó wọṣọ ọkùnrin, ó sì jí ẹṣin. Ọdún 7 sọdá òkun ni wọ́n fún un. Ó dé Sydney ní 1792, ó fẹ́ ọkọ, ọkọ kú, ó sì di oníṣòwò ńlá tí ó ní ilé àti ọkọ̀ ojú omi. Láti 1994 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lórí owó ogún dọ́là ilẹ̀ Ọsirélíà. Mary Wade pẹ̀lú, ẹni tí wọ́n fẹ́ so kọ́ nítorí kaba ọmọdé, bí ọmọ rẹpẹtẹ. Kevin Rudd tí ó di olórí ìjọba Ọsirélíà ní 2007 wà lára àtọmọdọ́mọ rẹ̀. Ó wá hàn pé òwe àgbà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Àwọn wọ̀nyí jalè lẹ́ẹ̀kan, ìlú sì fi àrán bò wọ́n, àrán náà sì jẹ́ àrán lójú gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tètè yọ̀. Orí owó gba obìnrin kan, kò gba 25,000. Ní ọdún 1821, ọdún kan náà tí Òṣoogùn tú, ni wọ́n parí ilé ńlá kan ní Parramatta, lẹ́bàá Sydney, fún àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n. Ilé iṣẹ́ àwọn obìnrin ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ̀wọ̀n, ó jẹ́ ilé ìgbẹ̀bí, ó sì tún jẹ́ ibi tí ọkùnrin ti ń wá mú ìyàwó bí ẹni mú adìẹ lọ́jà. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń ran òwú irun àgùntàn, wọ́n sì ń hun aṣọ tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè. Àwọn tí a lé nílé nítorí aṣọ ni a jókòó tì sídìí aṣọ híhun. Bí wọ́n bá ṣàìgbọ́ràn, wọ́n a fá irun orí wọn. Ní 1827, nígbà tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù, wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì tú sí ìgboro láti wá búrẹ́dì. Mo gbìyànjú láti fojú inú wò wọ́n nídìí òfì wọn. Ahunṣọ ni mo rí, n kò rí olè.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ yìn, kí n sì ti bá Wertenbaker wí. Ohun tí ó yẹ kí a yìn pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òpìtàn ń tún ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn àlùfáà sọ, pé aṣẹ́wó lásán ni àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ìwé Anne Summers ti 1975 ni ó kọ́kọ́ fi ẹjọ́ náà sun ayé. Nígbà tí ó sì di 1996, Deborah Oxley fi àkọsílẹ̀ ọkọ̀ hàn nínú Convict Maids pé ọmọ-ọ̀dọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọn kò sì tí ì dẹ́ṣẹ̀ lójú òfin rí. Wertenbaker, ní tirẹ̀, kò dúró lórí pé kí ó wẹ̀ wọ́n mọ́. Ó jẹ́ kí wọ́n bú èébú, kí wọ́n jowú, kí wọ́n parọ́, kí wọ́n sì gbọ́n. Ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kò di ẹni mímọ́ kí a tó káàánú wọn. Èyí ṣọ̀wọ́n nínú ìwé tí a ń kọ nípa àwọn tí ìyà jẹ, kò sì pọ̀ nínú tiwa pẹ̀lú.

Àmọ́ wo ọ̀nà tí ó gbà tú Liz Morden sílẹ̀. Gómìnà, ẹni rere, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ̀rọ̀ nítorí eré tí wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀ tán, tí ó ní òun kò jalè, wọ́n bi í léèrè bóyá yóò lè ṣe ipa tirẹ̀. Ó sì fèsì ní èdè ọlọ́lá, èdè tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, pé òun yóò sọ ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé náà bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ. Àwọn òǹwòran a máa sunkún níbẹ̀. Èmi pẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi pé: bí kò bá lè sọ èdè ọlọ́lá ńkọ́? Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní níye lórí mọ́? Eré náà fẹ́ fi hàn pé ènìyàn ni olè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó mú wá ni pé olè lè sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá rẹ̀. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn; èdè ni aṣọ tí Wertenbaker wọ̀ fún un kí a tó lè kí i.

Ìtàn gan-an sì le ju eré lọ. Nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn inú eré náà ni ọkùnrin kan wà tí ó fẹ́ràn eré ṣíṣe ju oúnjẹ lọ. Ẹni gidi ni wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀, Robert Sidaway, ẹlẹ́wọ̀n tí ó dá ilé eré àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Sydney ní 1796. Ní oṣù Bélú 1789, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn eré ọjọ́ ìbí ọba, obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Ann Davis wọ ilé Sidaway yìí, ó sì jí aṣọ. Wọ́n dá a lẹ́bi ikú. Ó ní òun lóyún. Wọ́n wá yan obìnrin méjìlá nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti bímọ rí, láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò lóyún, wọ́n sì so ó kọ́. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n so kọ́ ní ilẹ̀ náà. Eré Wertenbaker ti parí, àwọn òǹwòran ti pàtẹ́wọ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ yìí tó mọ́. Kò sí òfin tó ní kí eré sọ gbogbo ìtàn. Ṣùgbọ́n eré tí ó ní eré ń tún ọmọ ènìyàn ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a mọ̀ pé ìlú tí ó pàtẹ́wọ́ ní oṣù Òkúdù ni ó so okùn ní oṣù Bélú. Onílẹ̀ pàápàá, àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ tí àrùn ìgbóná pa lọ bẹẹrẹ ní 1789 yìí kan náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣojú fún wọn nínú eré, ó sì dá dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí mo bá ti ń bá Wertenbaker wí, ó yẹ kí n yíjú sí tiwa. Ní 1837, Àjàyí, tí ó ti di Samuel Crowther, olùkọ́ ní Sàró, kọ lẹ́tà kan nípa bí wọ́n ṣe kó òun lẹ́rú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á lórí òkun ní oṣù Igbe 1822. Lẹ́tà náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ èyí tó jù ú nínú ohun tí ọmọ Yorùbá kọ ní ìgbà yẹn. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ó ti sọ pé ọjọ́ tí ilé òun dàrú jẹ́ ọjọ́ ibi, ṣùgbọ́n pé wọ́n ti kọ́ òun láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti bá a jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí lámèyítọ́, mo rí i pé ọ̀nà kan náà ni òun àti Liz Morden gbà: àdánù di èrè nígbà tí ẹni tó pàdánù kọ́ èdè ẹni tó gbà á là.

Àfàlá kò kọ lẹ́tà kankan. Kò sọdá òkun. Òkè ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí wọ́n rà á padà, tí wọ́n sì tún jí i gbé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ògún 1846 ni ó tó tún fojú kan ọmọ rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ọmọ náà ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá wárìrì, pé àwọn méjèèjì kàn ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, tí omijé sì ń dà. Ó gba ìrìbọmi ní 1848, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah, ó sì gbé títí di 1883. Nínú gbogbo ohun tí Crowther kọ, ojú ìwé tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí ìyá rẹ̀ kò ti sọ̀rọ̀. Kò pe ọjọ́ Òṣoogùn ní ìbùkún, kò pè é ní ègún. Crowther, ẹni tí èdè kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní láárí tó láti jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ ìyá rẹ̀ wà bí ó ṣe wà. Ohun tí Wertenbaker kò lè ṣe fún Liz nìyẹn.

Ẹnì kan lè sọ pé ogun ló kó Àfàlá, kì í ṣe ẹjọ́ olè, nítorí náà kí n má da ọ̀ràn méjì pọ̀. Ó tọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ wà nínú òwò ẹrú náà. Nígbà tí àlùfáà S. W. Koelle ń kó àwọn èdè Áfíríkà jọ ní Sàró fún ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1854, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe di ẹrú. Ogun àti gbọ́mọgbọ́mọ ni ọ̀pọ̀ mẹ́nu bà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ó ní ìdájọ́ ni ó ta òun. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀. A máa ń fẹ́ kí ìtàn ẹrú wa jẹ́ ìtàn ogun, nítorí ogun a máa fi ẹ̀bi sí ọrùn ọ̀tá. Ìdájọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ẹni ni ó ń jókòó dá a, aráàlú ẹni ni ó sì ń pàtẹ́wọ́. Kódà nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa, ọmọ òrukàn tí odò gbé ṣíbí ìyàwó baba rẹ̀ lọ ni wọ́n ń lé jáde pé kí ó wá a dé òpin ayé. A máa ń gbe orin àlọ́ náà pẹ̀lú ìdùnnú. N kò rántí ọmọ kan tí ó béèrè pé èló ni wọ́n ń ta ṣíbí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì tán pẹ̀lú àlọ́. Ní 1990, ìjọba ológun ilẹ̀ wa ṣe Òfin 33, pé ẹni tó bá gbé oògùn olóró láti ilẹ̀ yìí lọ sókè òkun, tí wọ́n sì dá a padà, yóò tún dé ilé gba ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Lára àwọn tí ọwọ́ ń tẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà ni àwọn obìnrin tí owó ilé ìwé ọmọ tàbí gbèsè ọjà mú gbé ẹrù tí kì í ṣe tiwọn. Oògùn olóró kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, n kò sì gbè sẹ́yìn ẹni tó ń tà á. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tó ti san gbèsè rẹ̀ tán lọ́hùn-ún ni a tún ń gbà lọ́wọ́ nílé, nítorí pé ó bà wá lórúkọ jẹ́. Òwe àrán ni a sọ di òfin.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa olè. Ọ̀rọ̀ nípa ojú wa ni. Olè kọ́ ni ó ń sọ àrán di aṣọ olè. Àwa tí à ń wò ó ni. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì pa òwe mìíràn tí a kì í sábà fà yọ nígbà tí inú bá ń bí wa: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ìwé ilé-ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú gbogbo ìkà inú rẹ̀, pa orúkọ Mary Wade mọ́, ó sì pa iye aṣọ tí ó jí mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ fi rí i. Ọmọbìnrin tí a mú yí ọjà Ìsẹ́yìn ká kò ní ìwé ẹjọ́, nítorí a kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó lè jẹ́rìí sí i ni ọmọ ọdún 9 kan tí ó ń pàtẹ́wọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan ní agbo ilé náà. Ó rántí ìró náà dáadáa. Ó ní sányán gidi ni, pé fọ́nrán rẹ̀ kò já títí di òní. Ó dìde, ó ní òun yóò lọ mú un wá kí n wò ó. Mo ní kí ó má ṣe ìyọnu.